Afárá: Ilé-iṣẹ́ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà tí Ó Jẹ́ Orúkọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ afárá ni ọ̀rọ̀ tòní. Kì í ṣe afárá Abúlé-Ẹ̀gbá tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2017, tí àwọn ará Àgbàdo àti Òkè-Odò ń gbà lọ sí ìgboro. Afárá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000. Afara Websystems ni orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọba. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni láti ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chip. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Oyèkúnlé Àyìndé Olukotun, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ àti oríkì yẹn kò tún ní í béèrè ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá.

Ọdún méjì péré ni ilé-iṣẹ́ yìí fi dá dúró. Chip tí ó ń ṣe kò tíì jáde tí ilé-iṣẹ́ náà fi bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá wo ìyẹn nìkan, a lè ní kí ni ó wà níbẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èrò tí ilé-iṣẹ́ kékeré náà gbé dání ni ó borí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ó wà nínú fóònù tí ẹni tí ń wo ètò yìí fi sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Àwọn kan a gbọ́ ìtàn náà, wọn a ní, “Ọmọ Yorùbá mà ni!”, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ìyìn kò burú. Ohun tí ó burú nínú ìyìn ni pé kì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè ohun tí wọ́n ṣe gan-an, bí wọ́n ti ṣe é, àti ìdí tí wọ́n fi tà á. Ìwọ̀nyí ni a fẹ́ tú wò lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ náà wò, nítorí orúkọ kì í ṣe ohun àfiṣeré láàárín Yorùbá. Èdè wa ní afárá odò, èyí tí a ń gbà sọdá omi láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni kan omi. Ó sì ní afárá oyin, ilé tí àwọn oyin fi ìda mọ, tí ó kún fún yàrá wẹ́wẹ́, tí olúkúlùkù yàrá ní ohun tirẹ̀ nínú. Afárá odò ni ìtumọ̀ tí a mọ̀ mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ya àwòrán inú chip tí wọ́n ṣe, afárá oyin ni ó jọ jù lọ. Bóyá ẹni tí ó sọ orúkọ náà rò ó dé ibẹ̀, bóyá kò rò ó. Èdè a máa mọ ohun tí ẹni tí ń sọ ọ́ kò mọ̀.

Kí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà? Ẹ má ṣe kà á sí ọ̀pọ̀lọ́ o, a kò sọ̀rọ̀ ẹranko. Láti inú yanrìn ni wọ́n ti ń yọ èròjà tí ń jẹ́ silicon. Wọn a sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, wọn a wá ya ọ̀nà iná tín-ín-rín tín-ín-rín sí i lára, tí ojú lásán kò lè rí. Ní ojú ọ̀nà wọ̀nyí ni àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà, transistor ni orúkọ wọn. Ìlẹ̀kùn kan a ṣí, iná a kọjá. A tì, iná a dúró. Ìṣíṣí àti ìtìtì yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò, òun náà ni ó fi ń kọ̀wé, tí ó fi ń ya àwòrán, tí ó fi ń kọrin. Ní 1968, Robert Noyce àti Gordon Moore dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ ní Kalifọ́níà yìí kan náà. Ní 1971, Intel gbé chip tí wọ́n pè ní 4004 jáde. Nǹkan bí 2,300 ìlẹ̀kùn ni ó wà nínú rẹ̀. Moore ti sọ ṣáájú, ní 1965, pé iye ìlẹ̀kùn tí yóò máa wọ inú chip kan yóò máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní 1975 ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó ní lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì méjì ni. Ohun tí ó sọ ṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ìlẹ̀kùn ti ń pọ̀ sí i, ohun kan náà ni ó jẹ gbogbo àwọn tí ń ṣe chip lógún: kí ọpọlọ kan ṣoṣo máa yára sí i. Ọpọlọ ọdún yìí gbọ́dọ̀ sáré ju ti èṣí lọ. Lórí eré yìí ni wọ́n ná ọ̀pọ̀ owó sí, lórí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń polówó ọjà. Ìṣòro méjì ni ó wá ń dìde níbẹ̀. Èkíní ni ooru. Ọpọlọ tí ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ a máa mu iná, a sì máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan fún wákàtí kan mọ díẹ̀ nínú ohun tí a ń wí.

Ìkejì ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí. Ẹ fojú inú wo alásè kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Bí ó ti gbé ìkòkò ka iná ni ó rí i pé kò sí ata nílé. Ó rán ọmọ lọ sí ọjà Òkè-Odò. Kí ni ó ń ṣe títí ọmọ yóò fi dé? Ó ń wòran. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tún wá yá ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọbẹ̀ náà kò ní í tètè jiná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ojú ọ̀nà ọjà ni àkókò ń bá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń rí. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ jìnnà sí i, kò sì yára bíi tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 1990 sí 2000 fi ń lọ, ọpọlọ tí ó gbówó lórí jù lọ a máa fi apá tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀ káwọ́ gbera.

Ní 1991 ni Olukotun dé Stanford, lẹ́yìn tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Hydra. Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà. Wọ́n ní dípò kí a fi gbogbo ààyè inú chip kọ́ ọpọlọ ràbàtà kan, ẹ jẹ́ kí a pín ààyè náà fún ọpọlọ kéékèèké mẹ́rin, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1996, òun, Basem Nayfeh, Lance Hammond àti àwọn méjì mìíràn gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní àpérò kan ní ìlú Cambridge ní Massachusetts, níbi tí wọ́n ti gbèjà èrò yìí. Kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi gbèjà rẹ̀. Wọ́n gbé chip méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba kalẹ̀ lórí ìwé, ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pọlọ kan ràbàtà, èkejì jẹ́ ọlọ́pọlọ púpọ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ oríṣiríṣi dán wọn wò. Níbi iṣẹ́ tí ó ṣeé pín, ọlọ́pọlọ púpọ̀ fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

“Níbi iṣẹ́ tí ó ṣeé pín”: ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú, nítorí òun ni gbogbo àríyànjiyàn náà dá lé. Ọlọ́kadà kan lè gbé èrò kan láti Àgbàdo dé Ọyíngbò kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ èrò kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, ọlọ́kadà ni kí a pè. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú ọ̀nà náà ní 2024 ni yóò kó wọn dé ibi iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ sáré. Àwọn tí ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọkadà láti ọdún gbọọrọ. Olukotun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin ni kí wọ́n kàn.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣiyè méjì jẹ́ òpè. Gene Amdahl ti kìlọ̀ ní 1967 pé bí iṣẹ́ kan bá ní apá tí kò ṣeé pín, apá náà ni yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró, ì báà jẹ́ igba òṣìṣẹ́ ni a kó tì í. Ènìyàn méjì kì í jọ ro àmàlà nínú ìkòkò kan. Ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ni wọ́n kọ fún ọpọlọ kan, láti ìlà dé ìlà. Ta ni yóò jókòó tún wọn kọ? Ìbéèrè gidi ni, kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Ibi tí Olukotun ti rí ìdáhùn ni íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọdún 2000 fi dé, kọ̀ǹpútà ńláńlá kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dá àwọn ènìyàn lóhùn lọ. Server ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹnì kan ní Tókíò béèrè ìwé kan, ẹlòmíràn ní Ìkẹjà fẹ́ ka lẹ́tà rẹ̀, ẹnì kẹta ń ra bàtà. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ti ẹnìkejì. Iṣẹ́ náà ti pín ara rẹ̀ kí ó tó dé. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ìwé àṣẹ kọ. Ká ṣáà rí ọpọlọ púpọ̀ tí yóò tò gbàgà láti gbà á. Ìyẹn ni afárá náà: láti inú yàrá ìwádìí Stanford bọ́ sí ojú ọjà.

Ó kúrò ní yunifásítì fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá Afara Websystems sílẹ̀. Àwọn méjì tí orúkọ wọn kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn yìí ni Les Kohn àti Fermi Wang. Kohn jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán chip. Ó ti ṣe i860 fún Intel, ó sì ti bá Sun Microsystems ṣe UltraSPARC. Wang ni ó mójú tó ìṣàkóso. Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọ̀kan ní èrò, ọ̀kan mọ bí a ti í sọ èrò di ohun tí a lè gbé lé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹnì kẹta mọ owó àti ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kì í rìn jìnnà. Orúkọ Yorùbá ni ó wà ní ojú ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ oríṣiríṣi ènìyàn ni ó wà nínú iṣẹ́ náà.

Chip tí wọ́n ń yà ni wọ́n pè ní Niagara, orúkọ omi ńlá tí ń já láti òkè ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó bá a mu. Omi Niagara kì í ṣe kíkán ni ó fi lókìkí, bí kò ṣe ọ̀pọ̀ tí ń kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Àsìkò ni kò bá wọn ṣe. Oṣù Kẹta ọdún 2000 ni ọjà ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gun òkè téńté ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń yí gbirigbiri bọ̀ wá sílẹ̀. Àwọn olówó tí ń ná owó lé ohunkóhun tí ó bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú di àpò wọn pinpin. Chip kì í sì í ṣe ọjà tí a ń fi owó péépèèpé ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ni yóò jẹun fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí chip kan tó jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá kọ́ odidi server yí i ká, wọn yóò sì wá lọ bẹ àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá ra ti ilé-iṣẹ́ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní 2002, wọ́n ta Afara fún Sun Microsystems.

Ìdájọ́ wo ni a ó ṣe lórí títà yìí? Ẹni tí ó bá ní ìjákulẹ̀ ni, kí ó rántí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré náà kò ní, Sun ní in: àwọn oníbàárà, orúkọ ní ọjà, àti owó tí yóò fi parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò tà á, ó ṣeé ṣe kí Niagara di àwòrán inú dúrọ́ọ̀ láéláé. Síbẹ̀ ohun kan bá ọjà náà lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí Afárá mọ́ lára ohunkóhun tí wọ́n tà. Afárá lọ, omi kù. Àwọn tí ó ra server náà lẹ́yìn náà, bóyá ni ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn mọ̀ pé orúkọ Yorùbá ni chip náà kọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

Inú Sun gan-an, iṣẹ́ náà kò rọrùn. Sun ní àwọn chip ràbàtà tirẹ̀ tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni UltraSPARC V, tí wọ́n ti ná ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí. Ní oṣù Kẹrin 2004, Sun pa á tì, ó sì yí ojú sí Niagara. Lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, Intel náà pa chip rẹ̀ tí ń jẹ́ Tejas tì. Ìdí kan náà ni: ooru àti iná ti pọ̀ ju èrè eré lọ. Ohun tí wọ́n kọ ní Stanford ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú ti wá di ohun tí àwọn ọ̀gá ọjà ń sọ pẹ̀lú ìrora.

Ní oṣù Kọkànlá 2005, Niagara jáde. UltraSPARC T1 ni Sun sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni chip yìí ti yé ènìyàn jù. Alásè mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti alásè olókìkí ìjọ́sí. Alásè jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkòkò mẹ́rin mẹ́rin ni olúkúlùkù ń mójú tó. Bí ìkòkò kan bá ń dúró de ata láti ọjà, alásè a yí sí èkejì. Bí èkejì bá ń dúró de epo, a yí sí ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tí ó káwọ́ gbera. Ìkòkò 32 ni ó ń hó lẹ́ẹ̀kan náà nínú chip kan tí ó ní ìlẹ̀kùn tí ó tó mílíọ̀nù 279, iná tí ó sì ń mu jẹ́ nǹkan bí wáàtì 72. Gílóòbù kan ṣoṣo ti àtijọ́ a máa mu 60 tàbí 100.

Àléébù rẹ̀ náà ṣe kedere. Ọlọ kan ṣoṣo ni gbogbo alásè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ ń lò. Ọlọ tí a ń wí yìí ni apá tí ń ṣe ìṣirò onídá-ńlá-dá-kékeré, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti àwọn tí ń yàwòrán ń lò. Fún server tí ń ka lẹ́tà fún ènìyàn, ọlọ kan tó. Fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìlà gígùn ni. Àwọn tí ó rà á láìbéèrè ohun tí wọ́n ṣe é fún kábàámọ̀. Ní 2007, nígbà tí T2 jáde, alásè kọ̀ọ̀kan ti ní ọlọ tirẹ̀, ìkòkò sì ti di 64. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun, ohun tí ó sì kù nínú Afara tún bá a lọ sí ilé kejì.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Afara kọ́ ni ó kọ́kọ́ ta ọlọ́pọlọ púpọ̀. IBM ti gbé POWER4 ọlọ́pọlọ méjì jáde ní 2001, AMD àti Intel sì gbé tiwọn wọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní 2005. Ohun tí ó jẹ́ ti Afara ni ìgboyà láti ní kí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan rọrùn, kí ó má yára, kí agbára wà nínú iye wọn. Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣiyè méjì nípa ìyẹn. Ní 2023 wọ́n fún Olukotun ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán kọ̀ǹpútà. Kí ìyẹn tó dé, òun, Christopher Ré àti Rodrigo Liang ti dá ilé-iṣẹ́ chip mìíràn sílẹ̀ ní 2017, SambaNova Systems, èyí tí ó dojú kọ ẹ̀rọ tí ń kọ́gbọ́n. Liang ti ṣe ọ̀gá lórí chip SPARC ní Oracle. Ní oṣù Kẹrin 2021 nìkan, àwọn olówó kó mílíọ̀nù 676 dọ́là fún wọn. Ẹ fi wé Afara tí owó há mọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará ilé a máa béèrè nígbàkígbà tí a bá sọ irú ìtàn yìí. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ní Èkó? Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ìbínú sí i. Èkó kò jókòó lásán. Florence Seriki dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, Leo Stan Ekeh sì gbé kọ̀ǹpútà Zinox jáde ní 2001, nígbà tí Afara ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n àkójọpọ̀ ni iṣẹ́ wọn: ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà náà, òkè òkun ni ó ti wá. Àwọn ènìyàn a sì ní iná ìjọba ni kò jẹ́ kí a ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń rọ chip ń jẹ ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, iná kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: Sun kò rọ T1 fúnra rẹ̀. Texas Instruments ni ó bá a rọ ọ́. Afara kò ní àgbẹ̀dẹ kankan. Ohun tí ó ní ni àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó ní ìdí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kọ̀wé.

Ìwé ni wọ́n ń kọ ní ti gidi. Àwọn onímọ̀ èdè kì í sábà bá àwọn ẹnjiníà ṣe pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kí chip tó di ohun àfọwọ́kàn, ìwé ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Verilog. Ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ní òfin gírámà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọpọlọ kan ní ìlẹ̀kùn báyìí sí ibi báyìí yóò kọ ọ́ ní gbólóhùn, ẹ̀rọ mìíràn yóò sì tú gbólóhùn náà sí àwòrán tí àgbẹ̀dẹ yóò rọ. Alásè mẹ́jọ àti ìkòkò 32 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di silicon.

Ní oṣù Kẹta 2006, Sun ṣe ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ chip ńlá kì í ṣe. Ó kó gbogbo ìwé Verilog T1 síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní OpenSPARC, ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tún un pín. Àṣẹ kan ṣoṣo tí ó so mọ́ ọn ni pé ẹni tí ó bá tún un ṣe tí ó sì pín in gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe náà sílẹ̀ fún aráyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìwòran íntánẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún lè gbà á ní ọjọ́ náà gan-an bí akẹ́kọ̀ọ́ Stanford ti lè gbà á.

Yunifásítì Princeton gbà á. Wọ́n mú ọpọlọ kan nínú T1, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ ọ̀nà tuntun tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 2015 wọ́n fi ìwé tiwọn náà síta, OpenPiton ni orúkọ rẹ̀. Ní 2016 wọ́n gbé chip tí wọ́n rọ láti inú rẹ̀ hàn ní gbangba: ọpọlọ 25 ni ó wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n gba orí Afárá kọjá.

Àwọn àlejò wa tí wọ́n jókòó níhìn-ín yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2006. Nínú àwọn yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó yí Èkó àti Ògùn ká, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ka èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ta ni ó sì yẹ kí ó sanwó olùkọ́ wọn?